Ìdí Tí Ẹgbẹ́ Kò Fi Yá Ènìyàn Lówó Ra Àwọ̀n Olójú Wẹ́wẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ṣèlérí pé a ó ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí. Àwọn tó wá sí ìpàdé gbogbogbòò mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn ìyá wa mélòó kan tí wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ kọ ìwé pé àwọn fẹ́ yá owó ra àwọ̀n fún àwọn apẹja tó ń kó ẹja fún wọn láti Kainji. Ìgbìmọ̀ alákòóso wo ìwé náà, wọ́n fọwọ́ sí apá kan, wọ́n dá apá kan padà. Èyí tí wọ́n dá padà ni ti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, àti ti àwọ̀n fífà ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní dala. Ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Ìyá kan dìde, ó ní ọdún kẹtàdínlógún rèé tí òun ti ń san owó ìpín òun láìjẹ gbèsè, ó wá bèèrè pé, "Ṣé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wá di ọlọ́pàá ẹja ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè náà dára o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó tí ìyá náà fẹ́ yá, tirẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti gbogbo wa náà wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó fi owó sílẹ̀ mọ ìdí tí a kò fi jẹ́ kí ó ná an bó ṣe fẹ́. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ pàápàá kò kọ́kọ́ fẹnu kò. Akápò wa ní tiẹ̀ sọ pé iṣẹ́ wa ni kí a yá owó kí a sì gbà á padà, pé ohun tí ẹja ń ṣe nínú omi kò kàn wá. Òun náà ti yí ọkàn padà báyìí. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹja yìí ti ń wá. Odò Ọya ni wọ́n sé ní Kainji. Iṣẹ́ dáàmù náà bẹ̀rẹ̀ ní 1964, wọ́n parí rẹ̀ ní 1968, Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969. Nítorí iná mànàmáná ni wọ́n ṣe sé odò náà, kì í ṣe nítorí ẹja. Omi bo Bussa àtijọ́, níbi tí òyìnbó tó ń jẹ́ Mungo Park kú sí ní 1806, ó sì lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n kó kúrò nílé baba wọn lọ sí ibùdó tuntun. New Bussa tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó wọ̀nyí. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí pé abẹ́ Kwara ni New Bussa wà títí di 1991 tí wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ Niger. Adágún tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: gígùn rẹ̀ tó 136 kìlómítà, ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀ tó 24 kìlómítà. Apá kan rẹ̀ wà ní Niger, apá kan wà ní Kebbi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Nígbà tí omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ẹja pọ̀ débi pé àwọn apẹja kò mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Ní 1970, ẹja tí wọ́n rí kó nínú adágún náà jẹ́ 28,639 tọ́ọ̀nù. Ní 1978, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 4,500 tọ́ọ̀nù. Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mẹ́jọ péré ni, ohun tó sì kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó wà tẹ́lẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ apẹja, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mú un wálẹ̀. Adágún tuntun máa ń rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bo igbó àti oko, gbogbo ewé, koríko àti ìgbẹ́ ẹran tó rà sínú rẹ̀ á di oúnjẹ, ẹja á jẹ àjẹyó, á bí, ọmọ rẹ̀ náà á rí jẹ. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, oúnjẹ ọ̀fẹ́ yẹn á tán, bí ilẹ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tó máa ń so iṣu ńláńlá lọ́dún kìíní tí kì í so bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́dún kẹrin. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé bí a bá pa òfin mọ́ ẹja Kainji yóò padà sí bó ṣe rí ní 1970, ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti gbó kì í wá tìtorí bẹ́ẹ̀ se èbù rẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀n ti wọlé.

Ẹja kì í ṣe irúgbìn tí à ń rà lọ́jà. Inú omi ni ó ti ń bí, etí omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń tọ́ ọmọ, níbi tí omi kò ti jìn, tí oòrùn ń wọlé, tí koríko wà tí ọmọ ẹja lè sá sí. Ẹ mú epìà bí àpẹẹrẹ. Akọ á fi ẹnu àti ìrù gbẹ́ ihò sí ilẹ̀ etí omi, abo á yé síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni abo á kó ẹyin náà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ló ń kó o sí, ibẹ̀ ni ẹyin á ti pa, àwọn ọmọ á sì máa sá padà sẹ́nu ìyá wọn bí wọ́n bá rí ewu. Ẹyin tí epìà ń yé kò pọ̀ tó ti ẹja mìíràn, torí ìyẹn ló ṣe ń tọ́jú ìwọ̀nba tó ní. Bí ẹ bá wá fa àwọ̀n gba ibẹ̀ kọjá, ìyá lọ, ọmọ ẹnu rẹ̀ lọ, ihò tí akọ gbẹ́ bàjẹ́.

Dala ni àwọ̀n tí à ń sọ yìí. Ó gùn gan-an. Wọn á fi ọkọ̀ gbé e yí apá kan etí omi ká, àwọn ọkùnrin á wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọn á máa fà á bọ̀ wá sí èbúté. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lórí ilẹ̀. Àárín rẹ̀, níbi tí ẹja ń kó jọ sí, ojú rẹ̀ kéré bí ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kò sí ohun tó ń bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó bá ti rí i tí wọ́n ń fà á yóò jẹ́rìí pé nígbà tó bá dé èbúté, ohun tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn ún wò. Ẹ̀yin tí ẹ bá wá tẹ̀ mọ́ ọn tí ẹ sì wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọmọ àrọ̀, ọmọ ọ̀bọ̀kún, ọmọ epìà tí kò tó ìka ọwọ́, àti ọmọ ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ erin omi. Erin omi tí ó tó ìka ọwọ́! Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹja yẹn lè tóbi ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Àwọn tó ni dala ní àwíjàre kan, kò sì yẹ kí a fò ó. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ń kó jẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ tí kì í dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí àwa ń pè ní yòyò. Òótọ́ ni. Kainji ní ẹja wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àgbà rẹ̀ kò gùn ju ìka lọ, ó ń bí kíákíá, ó sì ń kú kíákíá. Ẹni tí kò bá kó o, ẹja ńlá á jẹ ẹ́ tàbí kí ó kú fúnra rẹ̀. Yòyò kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, tálákà sì ń rí i rà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé àwọ̀n kò mọ yòyò yàtọ̀ sí ọmọ erin omi. Bí ọ̀nà kan bá wà láti kó yòyò ní àárín adágún, níbi tí ọmọ ẹja ńlá kò pọ̀ sí, kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà. Etí omi ni wọ́n ń fà á sí, nítorí ibẹ̀ ni ó rọrùn láti fà.

Àwọ̀n kejì ni èyí tí a ń ta sínú omi tí ẹja ń fi orí há sí. Èyí kò burú rárá, ojú rẹ̀ ni ó ń sọ bó ṣe jẹ́. Ojú tó tóbi á jẹ́ kí ọmọ ẹja kọjá, àgbà nìkan ni yóò há. Ojú tó kéré á mú ẹja tí kò tíì bí lẹ́ẹ̀kan rí. Òfin Kainji sọ pé ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 3. Àwọn kan nínú wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, a sì ti rí ẹni tí oníṣòwò rẹ́ jẹ lórí èyí. Ẹ mú ojú kan lára àwọ̀n tí omi ti tutù, ẹ di kókó méjì tó kọjú síra mú, ẹ fà á títí ojú náà á fi pa pọ̀, ẹ wá fi rúlà wọn láti kókó kan sí èkejì. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ojú náà ni à ń wọ̀n. Bí ẹ bá fà á tí kò tó íǹṣì 3, kò tó o nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ta ló wá ṣe òfin náà? Ọdún 1968 ni iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹja ti bẹ̀rẹ̀ ní Kainji, òun ló sì di ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹja odò ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní New Bussa títí di òní. Wọ́n mọ̀ tipẹ́ pé dala ń ba adágún jẹ́. Mímọ̀ yàtọ̀, ṣíṣe yàtọ̀. Láti 1993 di 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀ láti tún ìpẹja adágún náà ṣe. Wọ́n ka àwọn apẹja, wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ka àwọ̀n, wọ́n lọ láti abúlé dé abúlé láti ṣàlàyé. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Niger àti ìpínlẹ̀ Kebbi ṣe òfin ìpẹja: kí dala dópin pátápátá, kí ojú àwọ̀n má dín ní íǹṣì 3, kí apẹja gba ìwé àṣẹ. Ẹ rántí pé a ní kí ẹ fi sọ́kàn pé ìpínlẹ̀ méjì ló ni adágún náà. Bí Niger nìkan bá ṣòfin, dala á kàn wọkọ̀ kọjá sí Kebbi, ẹja kò sì mọ ààlà.

Fún ìgbà díẹ̀ iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. Nígbà tó parí ní 2001, tí owó ọkọ̀ àti owó epo kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, dala tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹ má ṣe bú òṣìṣẹ́ ìjọba níbí yìí kí ẹ tó rò ó. Omi tó gùn tó 136 kìlómítà, ọkọ̀ mélòó ni yóò yí i ká? Òru ni wọ́n ń fà á pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì mú ènìyàn, ta ni wọ́n ń mú? Alágbàṣe tó ń fa okùn, ẹni tí kò ní ju ṣòkòtò ìdí rẹ̀ lọ. Olówó àwọ̀n kò sí létí omi. Ó lè wà ní Yauri, ó lè wà ní Ìlọrin, ó lè jẹ́ ìyá tó jókòó sínú ìpàdé wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ló yí akápò wa lọ́kàn padà. A bi àwọn ìyá wa léèrè bí òwò yìí ṣe ń lọ, wọn kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Oníṣòwò á ra àwọ̀n fún apẹja, apẹja á máa fi ẹja san án, ní iye tí wọ́n jọ fi ẹnu kò sí. Apẹja tó jẹ gbèsè kò lè yan àwọ̀n, èyí tí olówó bá rà fún un ni yóò lò. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà títí dé ìdí, ẹni tó ra àwọ̀n ló ń pẹja. Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ ló rà á, àwa la wà létí omi lóru yẹn tí à ń fa okùn.

Àwọn tó ṣe òfin ní Amẹ́ríkà mọ èyí tipẹ́. Ẹja kan wà nínú àwọn odò wọn tí wọ́n ń pè ní smallmouth bass. Inú omi tó mọ́, tó tutù, tó ní àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́ ló ń gbé. Ní ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, akọ á gbá ojú kan mọ́ lórí òkúta, abo á yé síbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ni yóò dúró ti ẹyin náà bí adìẹ tó sàba. Kò ní lọ jẹun jìnnà, gbogbo ohun tó bá súnmọ́ ibẹ̀ ni yóò kọlù, títí kan ìwọ̀ apẹja. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn láti mú lásìkò yẹn, bí ènìyàn bá sì mú un kúrò, ẹja mìíràn á ti jẹ ẹyin náà tán kí wọ́n tó jù ú padà. Kì í sì í tètè dàgbà. Nínú ọ̀pọ̀ odò, ó ń gbà á ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí gígùn rẹ̀ tó tó íǹṣì 12, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan.

Nítorí náà ni àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ṣe ní oríṣìíríṣìí òfin: ibì kan á ní ẹja tí kò bá tó gígùn báyìí kí a dá a padà sómi, ibì kan á ní iye tí ènìyàn lè mú lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ, ibì kan á ti odò pa lásìkò tí akọ bá ń ṣọ́ ẹyin. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nínú odò Susquehanna, ọmọ ẹja yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kú pẹ̀lú egbò lára ní 2005. Kì í ṣe apẹja ló fà á. Àwọn tó wádìí rẹ̀ nawọ́ sí àrùn, kòkòrò àti kẹ́míkà tó ń wọ inú omi. Síbẹ̀ ní 2011 ìjọba ní ní apá tó pọ̀ nínú odò náà, ẹnikẹ́ni tó bá mú un kí ó jù ú padà lójú ẹsẹ̀, kí àwọn àgbà tó ṣẹ́kù lè rí ọmọ bí. Ohun tó ń ṣe wọ́n kò tíì lọ, wọ́n sì mọ̀ pé ìwọ̀ kò gbọdọ̀ kún un.

Òfin kan tó kan oníṣòwò gan-an ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa gbọ́. Ní 1926, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá mú ẹja irú èyí láìbá òfin ìpínlẹ̀ mu, kò gbọdọ̀ kó o kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn lọ tà. Wọ́n ti rí i pé ẹni tó ń pẹja lóru kò ní dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá wà fún un. Ohun kejì ni pé láti 1950 ni owó orí kan ti wà lórí ìwọ̀, ọ̀pá àti irinṣẹ́ ìpẹja, owó náà sì ń padà sórí títọ́jú ẹja. Àwọn tó ń pẹja fúnra wọn ló ń san owó ẹ̀ṣọ́. Wọn kò dúró de ìjọba Jámánì.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀pọ̀lọ́ wé àkèré. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú ẹja yẹn ní Amẹ́ríkà, eré ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá jù ú padà sómi, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sílé lọ jẹ adìẹ. Apẹja Kainji tó bá ju ẹja padà, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló jù. Òfin tí kò bá ro ìyẹn mọ́ ọn, òkùnkùn ni yóò máa lé ènìyàn sí. A gbà pé àṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn gba dala lọ́wọ́ ọkùnrin kan láìfi àwọ̀n mìíràn lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà la sì sọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní títi odò pa. Ẹ lọ wo Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi kan náà. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ìpẹja wọn, tí ìlú á rọ́ wọ odò tí wọ́n ń pè ní Matan Fada pẹ̀lú igbá àti àwọ̀n ọwọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń rí ẹja ńláńlá níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún á fi pé, Sarkin Ruwa, olórí omi wọn, ló ń ṣọ́ ọ. Kò sí ọkọ̀ ńlá, kò sí epo, gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ odò náà nítorí gbogbo ìlú ló ń retí ọjọ́ náà. Nílé wa níhìn-ín, ta ni yóò sọ àwọ̀n sínú odò Ọ̀ṣun nínú igbó rẹ̀ ní Òṣogbo? Ẹja ibẹ̀, ti Ọ̀ṣun ni. Orúkọ oyè ọba ìlú náà pàápàá, Àtáọ́ja, ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ gba ẹja ló ti wá. Bí ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tí ẹ kò bá ọ̀rọ̀ òòṣà mu, ẹ kúkú mọ̀ pé ẹja ń bí ní apá odò yẹn láìsí ìdààmú.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìmẹ́nu ba òògùn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó inú wa mọ Gamalin 20, òògùn kòkòrò tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa ń pín nígbà kan. Àwọn kan rí i pé bí a bá da á sódò, ẹja á léfòó. Ohun tó wà nínú òògùn náà ti wà nínú àwọn èyí tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò ní 2009 pé kí a mú kúrò nílẹ̀. Bó bá wù kó jẹ́ Gamalin, bó bá wù kó jẹ́ òògùn mìíràn, ẹja tí òògùn pa kò ṣeé tà fún ènìyàn, odò tí a da á sí kò sì ní ẹja fún ìgbà pípẹ́, nítorí ẹyin, ọmọ, àti kòkòrò tí ẹja ń jẹ ló jọ kú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ìpẹja inú odò lòdì sí fífi òògùn olóró àti ohun abúgbàù pa ẹja. Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn lọ́dọ̀ wa: ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá mọ̀ pé ó ń ra ẹja olóògùn tà, orúkọ rẹ̀ á dé iwájú ìpàdé.

Ní ti owó, ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu nìyí. A kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó ra dala, tàbí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò tó íǹṣì 3. Ẹni tí apẹja rẹ̀ bá ń lo irú rẹ̀ báyìí, tó sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó bófin mu, a ó yá a lówó ṣáájú àwọn tó kù, a ó sì fún un ní oṣù mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. A fi oṣù mẹ́ta náà kún un nítorí a mọ̀ pé àwọ̀n olójú ńlá kì í kó ẹja púpọ̀ lójijì bíi ti dala, ọwọ́ á kọ́kọ́ dín. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn. Ẹja tó bá há sínú rẹ̀ yóò tóbi, owó rẹ̀ á sì dára ju ti wẹ́wẹ́ lọ, ṣùgbọ́n oṣù àkọ́kọ́ yóò le, a kò ní tàn yín.

Ìyá tó bi wá ní ìbéèrè ti wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìpàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti yé òun, inú òun kò dùn sí i síbẹ̀, nítorí obìnrin tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹja ló sì kún inú agbọ̀n tirẹ̀, ó sì ń tà á tán kí oòrùn tó mú. A kò rí ìdáhùn sí ìyẹn. A ti kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja tó wà ní ọjà náà pé a fẹ́ bá wọn jókòó, a sì ń retí èsì wọn. Bí ìyálọ́jà bá dá ọjọ́, a ó fi tó yín létí nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀.

Ìwé ìbéèrè owó fún àwọ̀n wà lọ́dọ̀ akápò ní ọjọ́ Tuesday àti Friday, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó mú ẹsẹ̀ bàtà kan lára àwọ̀n tí ó fẹ́ rà lọ́wọ́ kí a lè jọ wọ̀n ọ́n. Rúlà wà níbẹ̀, omi tí a ó fi rẹ ẹ́ náà wà níbẹ̀.